Bí Ẹni Tó Ń Tọ́jú Aláìsàn Nílé Ṣe Lè Rí Ìrànlọ́wọ́ Ìjọba àti Àyè Ìsinmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ọmọ, ìyàwó, ọkọ tàbí àbúrò tí ìtọ́jú ẹnì kan nínú ẹbí ti di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀: ìyá tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, bàbá tó ti ń ṣarán tí kò sì mọ ọ̀nà ilé mọ́, tàbí ọmọ tó jẹ́ akanda ẹ̀dá tí kò lè dá jẹun. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀yọ́ Aláàfin àti ní àwọn ìlú tó yí wọn ká, ọ̀pọ̀ irú olùtọ́jú bẹ́ẹ̀ ni kò tíì bá òṣìṣẹ́ ìjọba kankan sọ̀rọ̀ rí nípa iṣẹ́ tó ń ṣe, nítorí pé ọ̀ràn inú ilé ni gbogbo wa kà á sí. Ọ̀ràn inú ilé ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó yẹ kí ọwọ́ ìjọba dé, ó sì ní ibi tí gbogbo ẹbí gbọ́dọ̀ jókòó lé lórí kí ẹnì kan ṣoṣo má baà kú sídìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà àti ohun tí kò sí. Ìjọba Nàìjíríà kò ní owó oṣù kankan tó ń san fún ẹni tó ń tọ́jú òbí tàbí ọmọ rẹ̀ nílé. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2000 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń fún àwọn ìpínlẹ̀ lówó láti fi ran àwọn olùtọ́jú inú ẹbí lọ́wọ́, títí kan wíwá ẹni tí yóò dúró dè wọ́n fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n lè sinmi. Ní Bìrìtéènì, owó kan wà tí ìjọba lè san fún ẹni tó ń fi wákàtí 35, ó kéré tán, tọ́jú aláìsàn lọ́sẹ̀. Àwọn ètò wọ̀nyẹn kò kan ẹni tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ ní Màsífà tàbí ní Kòsọ́bọ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù kí òun lè bá yín gba owó olùtọ́jú láti Àbújá tàbí láti òkè òkun, ẹ má ṣe dá a lóhùn. Ohun tí àwa ní ni òfin àti ètò tó fọ́nká sí ibi púpọ̀, tí olùtọ́jú fúnra rẹ̀ ní láti ṣà jọ.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ kọ iṣẹ́ ọjọ́ kan sílẹ̀

Kí ẹ tó lọ sí ọ́fíìsì kankan, ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ṣe fún aláìsàn náà láti òwúrọ̀ ọjọ́ kan títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú aago tí ẹ ṣe é. Ẹ má ṣe fo èyí tó dà bíi pé kò tó nǹkan. Ojú ìwé náà lè rí báyìí:

5:30. Mo pààrọ̀ ìlédìí, mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ara rẹ̀.
7:00. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Mo gbé e jókòó kí ó tó jẹun, ó jẹ ìdajì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.
9:00. Mo yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì.
11:00. Mo yí i sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ìdí rẹ̀ ti ń pọ́n díẹ̀.
2:00 òru. Ó ń pe ìyá rẹ̀ tó ti kú. Mo jókòó tì í títí ó fi sùn ní 3:15.

Ojú ìwé yìí yóò ṣiṣẹ́ ní ibi mẹ́ta. Dókítà yóò rí i nínú rẹ̀ pé ara ti ń pọ́n níbi kan, èyí tí í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ egbò tí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ máa ń fà, tí wọ́n fi ní ká máa yí ẹni tí kò lè dá yí ara rẹ̀ padà ní bíi wákàtí méjì-méjì. Òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn ní ìjọba ìbílẹ̀ yóò rí i pé ẹni tó wá bá òun kò lè lọ ṣiṣẹ́ òòjọ́, kì í ṣe pé kò fẹ́ ṣe é. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó wà ní Ìbàdàn, Èkó tàbí òkè òkun, tí wọ́n máa ń béèrè lórí fóònù pé “Ṣé ara ìyá le?”, yóò rí ohun tí ẹ̀yin ń rí lójoojúmọ́. Ní tèmi, ìlò kẹta yìí ló wúlò jù lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kó ìwé jọ

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, ìyẹn NIN, ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀pọ̀ ètò ìjọba báyìí, yálà ti adójútòfò ìlera, ti owó ìrànwọ́ tàbí ti owó ìfẹ̀yìntì. Ọ̀fẹ́ ni gbígba nọ́ńbà náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí aláìsàn yín kò bá tíì ní in, ẹ ṣe é nígbà tí ara rẹ̀ ṣì gbà kí a gbé e jáde, kí ẹ sì so ó mọ́ ọjọ́ tí ẹ máa lọ sílé ìwòsàn kí ẹ má baà gbé e jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ rí i dájú pé bí orúkọ rẹ̀ ṣe wà lórí NIN náà ni ó ṣe wà lórí káàdì ilé ìwòsàn àti ìwé báńkì. Àwọn àgbàlagbà wa máa ń ní orúkọ púpọ̀, orúkọ àmútọ̀runwá, oríkì, orúkọ ìjọ tàbí ti mùsùlùmí, ìyàtọ̀ lẹ́tà kan ṣoṣo sì lè dá owó dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí ìyàtọ̀ bá wà, ẹ lọ ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù.

Ìwé kejì ni lẹ́tà dókítà. Ẹ ní kí dókítà kọ orúkọ àìsàn náà, ohun tí aláìsàn kò lè dá ṣe fúnra rẹ̀, àti bí ó ṣe máa pẹ́ tó kí dókítà tó tún rí aláìsàn náà. Bí àìsàn náà bá ti sọ ọ́ di abirùn, yálà kò lè rìn, kò ríran, kò gbọ́ràn tàbí ọpọlọ rẹ̀ kò pé mọ́, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí àbùkù ara pẹ̀lú. Òfin tó de fífi ojú ẹ̀tanú wo àwọn akanda ẹ̀dá, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, sọ pé dókítà lè fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí ìgbà díẹ̀ tí kò ní ju 180 ọjọ́ lọ, àti pé bí àbùkù náà bá kọjá ìgbà yẹn, kí ó darí rẹ̀ sí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akanda ẹ̀dá fún ìwé ẹ̀rí ayérayé.

Òfin yẹn kan náà fún yín ní ohun méjì tí ẹ lè lò lójoojúmọ́. Àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ dá akanda ẹ̀dá lóhùn níbi tí èèyàn bá ti tò sí, kí wọ́n sì dá a lóhùn láìjẹ́ kí ó tò níwọ̀n bó bá ṣe ṣeé ṣe. Ìkejì ni pé ẹni tí àbùkù rẹ̀ jẹ́ ti ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Ohun tí òfin sọ lọ́tọ̀, bí wọ́n ṣe ń mú un ṣẹ níbi gbogbo lọ́tọ̀, nítorí náà ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́ fún ọ̀gá tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé ẹ̀rí náà dání. Ẹni tó mọ orúkọ òfin tó ń tọ́ka sí kì í sábà pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wọ ètò adójútòfò ìlera

Òfin adójútòfò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà wà lábẹ́ ètò adójútòfò kan, ó sì dá owó àkànlò sílẹ̀ fún àwọn tí kò lágbára. Òfin náà ka àwọn àgbàlagbà, àwọn abirùn, àwọn aboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún àti àwọn tálákà mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ wa, Àjọ Adójútòfò Ìlera Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí OYSHIA, ló ń bójú tó o.

Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ kí àìsàn tó le. Nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ béèrè àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kí ẹ tó sanwó: èwo nínú àwọn ilé ìwòsàn tó wà nítòsí wa ló gba ètò yìí, láti ọjọ́ wo ni a lè bẹ̀rẹ̀ sí lò ó, ṣé ó san owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà lóṣooṣù, kí ni kò sí nínú rẹ̀, ṣé a lè wọ inú ètò ọ̀fẹ́ àwọn tí kò lágbára. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé Òfin Ìlera ọdún 2014 ti ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, nínú owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìlera alábọ́dé, apá kan owó náà sì ń lọ sídìí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún àwọn tálákà tí orúkọ wọn bá wà nínú ìwé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù yín. Òun ló sábà máa ń mọ ìgbà tí wọ́n bá ń kọ orúkọ.

Olùtọ́jú fúnra rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ilé tó jẹ́ pé ìyá tó dùbúlẹ̀ ní káàdì, ọmọbìnrin tó ń gbé e sókè sọ̀kalẹ̀, tí ẹ̀yìn ń dùn, kò ní nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ jẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ mọ̀ yín

Ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀ka kan wà tó ń rí sí ìgbáyé-gbádùn ará ìlú. Kínníra ni ti Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́ wà, ti Gúúsù sì wà ní Àrówómọlé. Ní Ọ̀yọ́, ẹ lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ tí ilé yín bọ́ sí, yálà Àtìbà, Ìlà-Oòrùn Ọ̀yọ́ tàbí Ìwọ̀-Oòrùn Ọ̀yọ́. Ẹ mú lẹ́tà tí ẹ kọ dání, kì í ṣe ẹnu lásán. Kí lẹ́tà náà sọ ẹni tí ẹ ń tọ́jú, ohun tó ń ṣe é, iye ọdún tí ẹ ti ń tọ́jú rẹ̀ àti ohun kan pàtó tí ẹ ń fẹ́: kẹ̀kẹ́ arọ, oúnjẹ, ìrànwọ́ owó oògùn, tàbí kí òṣìṣẹ́ wá wo ilé yín. Ẹni tó bá kàn kọ “ìrànlọ́wọ́” máa ń gba àdúrà nìkan. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí èyí tí ẹ máa mú lọ sílé, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ yín.

Ẹ béèrè nípa ìwé àkọsílẹ̀ àwọn aláìní tí ìjọba àpapọ̀ ń lò láti pín owó ìrànwọ́. Inú ìwé yẹn ni wọ́n ti ń mú orúkọ nígbà tí ìjọba kéde ní ọdún 2023 pé òun yóò fún ìdílé mílíọ̀nù 15 ní ₦25,000 lẹ́ẹ̀mẹta. A kì í ra fọ́ọ̀mù rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ló ń pàdé láti dárúkọ ilé tí ìyà ń jẹ jù, òṣìṣẹ́ yóò sì tẹ̀lé wọn délé. Ìṣòro olùtọ́jú ni pé kì í lè jáde lọ sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ yóò sì fò ó. Ẹ tètè sọ fún báálẹ̀ tàbí mọ́gàjí àdúgbò yín àti kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín pé bí ìpàdé bá wáyé, kí wọ́n dárúkọ ilé yín.

Fún ọmọ tó jẹ́ akanda ẹ̀dá, Ọ̀yọ́ ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní. Láti ọdún 1977 ni ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni àkànṣe ti ìjọba àpapọ̀ ti wà níbẹ̀, tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ tí kò gbọ́ràn, tí kò ríran tàbí tí òye rẹ̀ pẹ́ kí ó tó jí. Ẹ lọ béèrè ìmọ̀ràn níbẹ̀ lórí ilé ẹ̀kọ́ tó lè gba ọmọ yín. Wákàtí tí ọmọ bá fi wà nílé ẹ̀kọ́, wákàtí ìsinmi ìyá rẹ̀ ni pẹ̀lú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ tún ọ̀rọ̀ owó aláìsàn ṣe nígbà tí iyè rẹ̀ ṣì pé

Ìwé àṣẹ tí aláìsàn fi máa yan ẹni tí yóò máa bá a gba owó ìfẹ̀yìntì tàbí bá a ṣe nǹkan ní báńkì gbọ́dọ̀ wáyé nígbà tí òun fúnra rẹ̀ mọ ohun tó ń fọwọ́ sí. Bí arán bá ti dé tán, agbẹjọ́rò kò lè ṣe é mọ́, èyí tí a ti ṣe tẹ́lẹ̀ pàápàá lè di ohun tí báńkì kò ní gbà. Ẹni tí kò lágbára láti san owó agbẹjọ́rò lè lọ bá àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fún aláìní ní agbẹjọ́rò lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ní ọ́fíìsì ní Ìbàdàn. Ẹ pe àwọn ọmọ yòókù sí i, kí wọ́n sì rí ìwé náà, nítorí pé ẹni tó ń tọ́jú ni wọ́n sábà máa ń fura sí lẹ́yìn ọ̀la.

Bí bàbá tàbí ìyá bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ rí, tó sì ń gba owó ìfẹ̀yìntì lábẹ́ PTAD (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì ti ètò àtijọ́), àjọ náà ní ètò tí ènìyàn fi ń jẹ́rìí pé òun ṣì wà láàyè láti orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Kò sí ìdí láti gbé ẹni tí kò lè jókòó lọ tò sí orí ìlà mọ́ nítorí ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ ṣètò ìsinmi bí ẹní ń ṣètò oògùn

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ti ń ṣe àìdáa sí ara wọn. Wọ́n á ní àwọn yóò sinmi bí àyè bá yọ, àyè kì í sì í yọ. Ìsinmi gbọ́dọ̀ ní ọjọ́, ó gbọ́dọ̀ ní aago, ó sì gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹni tí yóò gba iṣẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì ọjọ́ kan lọ́sẹ̀.

Kí olórí ẹbí pe ìpàdé, kí ó má jẹ́ olùtọ́jú ni yóò pè é, kí ó má baà dà bíi pé ó ń ráhùn. Ẹ ka ojú ìwé tí ẹ kọ ní ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ní pàtó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró ti ìyá ní gbogbo Sátidé, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.” Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá jìn, kí ó máa san owó ẹni tí yóò dúró dípò rẹ̀, kí ẹ kọ iye náà sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Mo fẹ́ sọ èyí láìfi bò: iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti àbíkẹ́yìn obìnrin nìkan, kì í sì í ṣe ti ìyàwó ilé. Ọmọkùnrin lè wẹ ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó lè bọ́ ọ lóúnjẹ, ó sì lè jókòó tì í lóru.

Ọmọ tó wà ní Bìrìtéènì tún ní ẹ̀tọ́ kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Láti 6 oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin ibẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún láìsan owó rẹ̀, kí ó lè fi tọ́jú ẹbí tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́. Kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, kí ó so ó mọ́ ìsinmi ọdún rẹ̀, kí ó wá gba ipò yín. Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ oṣù níhìn-ín náà, Òfin Òṣìṣẹ́ Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ tó ti lo oṣù 12 ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, fún ìsinmi pẹ̀lú owó. Ẹ má lo gbogbo rẹ̀ fún ilé ìwòsàn.

Bí ẹbí kò bá tó, ẹ wo ìta. Ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ Onítẹ̀bọmi àti ẹgbẹ́ Alásàlátù máa ń bẹ aláìsàn wò. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé dípò kí èèyàn mẹ́wàá wá lọ́jọ́ kan náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹni méjì wá jókòó fún wákàtí mẹ́ta, kí ẹ̀yin lè lọ sí Ọjà Tàkíé tàbí kí ẹ sùn. Bí ẹ bá fẹ́ gba ẹni tí ẹ máa sanwó fún, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni mo fara mọ́ jù. Ẹ béèrè ibi tó ti ṣiṣẹ́, ẹ bá ẹni tó ti bá ṣiṣẹ́ rí sọ̀rọ̀, kí ẹ sì kọ iye owó, aago iṣẹ́ àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe sínú ìwé. Kí ẹni náà wá wo bí ẹ ṣe ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fi aláìsàn sílẹ̀ fún un. Nígbà kejì, kí òun ṣe é, kí ẹ̀yin máa wò.

Kí ẹ tó jáde, ẹ fi ìwé kan sílẹ̀ lórí tábìlì. Kí ó ní oògùn àti aago rẹ̀, ìgbà tí wọ́n yí i kẹ́yìn àti ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n yí i sí, oúnjẹ tó lè gbé mì àti èyí tó máa ń há a lọ́fun, ohun tó máa ń bà á lẹ́rù, orin tó máa ń mú un farabalẹ̀, nọ́ńbà fóònù yín àti ti ilé ìwòsàn. Fún ẹni tó ń ṣarán, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n má bá a jiyàn bó bá ní òun fẹ́ lọ sí oko. Kí wọ́n béèrè oko náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ìta.

Nígbà tí ẹ bá wà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, yálà LAUTECH tàbí Bowen ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ béèrè òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn aláìsàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbọ́ ọ̀ràn ilé àti ti owó. Bí àìsàn àgbà bá ti di púpọ̀ lára ẹnì kan ṣoṣo, ẹ ní kí dókítà kọ lẹ́tà fún yín lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ní UCH, Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2012. Níbẹ̀, ojú kan náà ni wọ́n ti ń wo ìgbàgbé, ìrìn, ojú àti oògùn tó pọ̀ jù. UCH tún ní ẹ̀ka tó ń mú ìrora rọlẹ̀ fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò gbóògùn mọ́.

Ìgbà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ ìsinmi

Bí ẹ kò bá ti sùn dáadáa fún ọ̀pọ̀ òru, bí ẹ bá ń sunkún láìnídìí, bí oúnjẹ kò bá wù yín jẹ, tàbí bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí jágbe mọ́ aláìsàn náà tí ọwọ́ sì ń yún yín láti gbá a, ẹ tẹ́ ẹ síbi tí kò ti lè ṣubú, ẹ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹ sì pe ẹnì kan pé kí ó wá lójú ẹsẹ̀. Ohun tó ń ṣe yín kì í ṣe ìwà búburú, àárẹ̀ tó ti kọjá ààlà ni, ó sì ní ìtọ́jú. Ní ọjọ́ kejì, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì, láìfi ohunkóhun pamọ́, iye wákàtí tí ẹ ń sùn lóru.